Láti Àgbàlá dé Ọ̀nà Àárín: Àgbéyẹ̀wò Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àwọn Sàró àti Àgùdà ní Abẹ́òkúta

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Abẹ́òkúta sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilé, ojú ilé náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Wọn a ka fèrèsé, wọn a yin òpó, wọn a ṣàpèjúwe òdòdó tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ya sí òkè ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọn a ní ilé òyìnbó tàbí ilé Bùràsíìlì ni. Ìdájọ́ yìí kò ṣòro láti lóye. Ilẹ̀kùn wà ní àárín gbùngbùn, fèrèsé ọ̀tún bá ti òsì dọ́gba, ti òkè sì dúró lé ti ìsàlẹ̀ lórí. Irú ìdọ́gba báyìí ni wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ ilé ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ní ayé àwọn ọba tí ń jẹ́ George, láti 1714 títí di 1830. (Ọdún tí George Kẹrin kú gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ.) Àwọn Sàró tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1839 ti rí ohun tí ó jọ ọ́ ní Freetown, àwọn Àgùdà sì ti rí ẹ̀yà tiwọn ní Bahia, àwọn mìíràn nínú wọn ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ilé nìkan kọ́ ni ilé. Ẹni tí ó bá wọlé yóò bá ọ̀nà àárín kan tí ó lọ tààrà dé ẹ̀yìnkùlé, tí yàrá kọjú sí yàrá lọ́tùn-ún lósì. Nínú ilé ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí yàrá ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é: yàrá ìjẹun, yàrá àlejò, yàrá ìwé. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ni yàrá ni wọ́n fi ń pè é: yàrá baba, yàrá ìyálé, yàrá ìyàwó. Ìlànà agbo ilé nìyí. Nínú agbo ilé àtijọ́, àgbàlá ni ó wà láàárín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, yàrá ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò orí òrùlé sì ń dà sínú ìkòkò tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ọ̀nà àárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àgbàlá yìí tí wọ́n fún mọ́ra, tí wọ́n sì fi òrùlé bò. Níbẹ̀ ni àgbà ń gbé àga sí ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń tẹ́ ẹní sí nígbà ooru, kò sì sí ẹni tí yóò jáde tí ará ilé kò ní rí i.

Páànù ni ó mú ìyípadà náà rọrùn. Òrùlé koríko ní láti ga kí omi tó lè ṣàn, kò sì rọrùn láti fi bo ilé tí ó fẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí ń yin ilé wọ̀nyí kì í sábà sọ ohun tí ó bá a lọ: ìmọ́lẹ̀ dín kù, omi òjò bọ́ sí ìta, ọ̀nà àárín ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan.

Lílo ilé sí nǹkan mìíràn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọgbà ìjọ C.M.S. ni Henry Townsend ti sọ di ilé ìtẹ̀wé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859; nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, àwọn òyìnbó lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì dákẹ́. Nínú ilé àwọn oníṣòwò, ẹrù a wà nísàlẹ̀, ìdílé a wà lókè. Bí onílé bá kú, ilé a di ti ẹbí, àwọn ọmọ a pín yàrá. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀, ayálégbé pọ̀ sí i. Yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti onígbàjámọ̀. Ọ̀nà àárín gba gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wó ògiri kan. Ìwà ọlọ́rẹ yìí ni ó yẹ kí alámèyítọ́ kà sí ẹwà ilé náà, ṣáájú òdòdó sìmẹ́ǹtì.

Ilé ìdílé Ransome-Kuti ní Ìṣàbọ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ohun èlò àti àwòrán nìkan ni àlejò rí níbẹ̀, ohun tí ó sọ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti di ńlá ṣì fara sin: ìpàdé àwọn obìnrin ọlọ́jà, àwọn tí wọ́n kọ owó orí ní 1947, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Ọ̀ràn Ìlọ́jọ̀ Bar ní Gbàgede Tinúubú ní Èkó jẹ́ ẹ̀rí. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ni wọ́n kọ́ ọ ní 1855. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni nígbà kan. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn tí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru ojúkòkòrò ti fi ìbéèrè kan sílẹ̀: ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ilé náà fi wà nínú ìwé ìjọba, kí ni wọ́n ní kí àwọn tí ó ni ín máa fi ṣe? Òfin sọ pé kí ògiri má wó. Ti ìlò, kò mẹ́nu bà á.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ tí yóò wúlò fún Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ dúró lórí àwòrán ojú ilé. Ó yẹ kí ó ní ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí ìdílé ń pè é, iṣẹ́ tí ó ti ṣe láti ìgbà dé ìgbà, àti ibi tí ibojì wà. Ti ibojì yìí kì í ṣe ohun kékeré. Níwájú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí ni wọ́n sin ẹni tí ó kọ́ ọ sí, ó sì jọ pé ibojì náà ti gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó tí ń wá ilẹ̀ rà ju ìwé ìjọba èyíkéyìí lọ.