Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Géètì?

Tí a bá ní ká ka àwọn ìwé ẹ̀wọ̀n tó lórúkọ ní Nàìjíríà, inú ọgbà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Ìjọba ológun ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé láti 1967 di 1969, ó sì gbé The Man Died jáde ní 1972. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún Kúnlé Àjíbádé oníròyìn ní 1995, nígbà ìjọba Abacha, ó sì gbé Jailed for Life jáde ní 2003. Ìwé gidi ni méjèèjì, ẹ wá wọn kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ọgbà kò sí níbi tí ẹni tó ń bọ̀ wá kí i ti ń wá ọkọ̀. Kò sì sí níbẹ̀ nígbà tónítọ̀hún ń padà sílé.

Fíìmù Yorùbá wa náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ìran yẹn láìmọye ìgbà: ìyàwó jókòó, kúlà oúnjẹ wà níwájú ẹ̀, ọkọ jáde wá nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n, àwọn méjèèjì sunkún, wọ́dà ní àkókò ti tó. Ó tán. Níbo ni obìnrin yẹn ti wá? Èló ló fi wọkọ̀? Ta ló ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ? Ìyẹn ò kan ẹni tó ṣe fíìmù.

Lójú tiwa, ohun tí wọ́n ń fò kọjá yẹn gan-an ni ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká mú Mowe àti Ìbàfò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ibi tí wàhálà bá ti bá èèyàn ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ sí kóòtù, nítorí náà, ó lè jẹ́ Kíríkírì tàbí Ìkòyí ni ọ̀rọ̀ já sí. Láti Mowe, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì dé Berger, ẹ ó wọ òmíràn dé Òṣòdì, òmíràn dé Mile 2, kẹ́ ẹ tó wá èyí tó ń wọ Kíríkírì. Mẹ́rin àlọ, mẹ́rin àbọ̀. Ará Ifọ̀ tí èèyàn rẹ̀ wà ní Ìlaròó lè gba Pápáláńtò kó tètè dé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ìkòyí ni, odindi ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń ta ata kò ní tajà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń gbowó oṣù yóò parọ́ fún ọ̀gá, torí ta ló fẹ́ dúró níbi iṣẹ́ kó ní ọkọ òun wà lẹ́wọ̀n? Nílé, wọ́n á ní bàbá ti rìnrìn àjò.

Tí ẹ bá wá dé ẹnu géètì, fóònù ò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n lè ní kí ẹ tọ́ oúnjẹ yín wò. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ jókòó, ẹ dúró. Nígbà míì, wọ́n á ní wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù láàárọ̀ yẹn, ẹ̀yin sì ti dé. Ohun tó wá burú jù ni pé ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa lọ ni kò tíì gba ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún, ìyàwó rẹ̀ lè máa ka oṣù. Ẹni tó ń retí ìdájọ́, kí ni wọn yóò máa kà?

Ìtàn tó sún mọ́ ohun tí à ń wá jù lọ, nínú èyí tí a ti kà, ni "Cell One" tí Chimamanda Adichie kọ. Ó jáde nínú The New Yorker ní 2007, ó sì wà nínú The Thing Around Your Neck ní 2009. Àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní Enugu ni, kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n àbúrò ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ló ń sọ ìtàn. A rí ìyá tó ń se ìrẹsì lójoojúmọ́. A rí owó àti oúnjẹ tó ń lọ sọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ọmọ tó lè jáde wá jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà ní ó tó gẹ́ẹ́, epo ti wọ́n jù, kí wọ́n má lọ lọ́jọ́ kan péré. Ìyá rẹ̀ ò dá a lóhùn rere. Ló bá mú òkúta, ó sọ ọ́ lu gíláàsì iwájú Volvo wọn. Kò sẹ́ni tó lọ lọ́jọ́ yẹn.

Òkúta yẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn ìtàn yìí. A máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Òwe náà dáa, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò san owó epo. Adichie gbà pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kó sì tún rẹ̀ ẹ́ láti máa lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló mọ èyí, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ọ́ jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan tún wà nínú ìtàn náà. Ọmọ rẹ̀ ni ọlọ́pàá ń wá. Wọn ò rí ọmọ, wọ́n gbé bàbá. Òfin ACJA ti 2015, abala keje, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú èèyàn dípò ẹlòmíì. Nínú ìtàn, bàbá náà ò lówó tí yóò fi ra omi wẹ̀. Ọmọ olùkọ́ yunifásítì ń jẹ ìrẹsì, torí pé òbí rẹ̀ ní mọ́tò. Ibí yìí náà la ti ní àríwísí wa: mọ́tò ni ìdílé náà fi ń rìn. Tó bá jẹ́ láti Ìbàfò ni, tí bọ́ọ̀sì jẹ́ mẹ́rin, òkúta wo lèèyàn yóò sọ, gíláàsì ta ni yóò sì sọ ọ́ lù?

Ẹlòmíì ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, níbi tó jìnnà sí wa. Anna Akhmatova, akéwì ará Rọ́ṣíà, dúró lórí ìlà lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n ní Leningrad fún oṣù 17 nígbà ìjọba Stalin, torí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Obìnrin kan lórí ìlà bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bóyá ó lè ròyìn ohun tójú wọn ń rí. Ó ní òun lè ròyìn ẹ̀. Bí Requiem ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé léwu, nítorí náà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ewì náà sórí, ó sì dáná sun bébà. Orí ahọ́n ni ewì náà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní Munich ní 1963. Àwa tí oríkì ń bẹ lẹ́nu wa, ṣé irú èyí ló yẹ kó ṣòro fún wa?

Ní August 2019, òfin tuntun yí orúkọ Nigerian Prisons Service padà sí Nigerian Correctional Service. Orúkọ ti dáa sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni a ṣì ń pè é, ẹ̀wọ̀n sì ní orí méjì. Ọ̀kan wà lọ́rùn ẹni tó wà nínú ọgbà. Ìkejì wà lọ́wọ́ ìyá kan ní Mowe tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ kọ ìtàn tiẹ̀ fún wa. Ẹ má fò bọ́ọ̀sì kankan. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá, torí Yorùbá ló máa fi bẹ wọ́dà.