Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Iṣẹ́ Wà: Lámèyítọ́ lórí Àtúnṣe Wágọ̀n Fọ́-wíìlì

Iṣẹ́ àtúnṣe ni wágọ̀n fọ́-wíìlì ti Subaru fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ní nǹkan bí 1970, ilé-iṣẹ́ mànàmáná Tohoku, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Japan, ń wá ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò máa gbé gun òkè nínú yìnyín láti lọ tún wáyà iná ṣe. Jíìpù ni wọ́n ń lò. Jíìpù lágbára, kò sí àníàní, ṣùgbọ́n òtútù ń pa ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì ń gbo ènìyàn jìgìjìgì. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn tó ń ta Subaru ní Miyagi lọ. Àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ mú wágọ̀n kékeré kan, ff-1 1300G, tí táyà iwájú nìkan ń fà; wọ́n na ọ̀pá láti ìdí gíà lọ sẹ́yìn, wọ́n sì lọ mú differential ẹ̀yìn Nissan Bluebird, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, wá fi parí rẹ̀. Inú àdàlú yìí ni Leone Estate Van onífọ́-wíìlì ti jáde, èyí tí Fuji Heavy Industries, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Subaru nígbà náà, gbé sọ́jà ní 1972.

Mo ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn kan máa ń bínú pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà tó ń gé wágọ̀n, tó ń gbé e ga, tó ń di àgọ́ lé e lórí, ń ba ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe jẹ́. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ọkọ̀ yìí kò ní ìgbà kankan tí ó jẹ́ ojúlówó tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn. Ohun tó yẹ kí a máa bi àwọn alátùn-únṣe ni bóyá iṣẹ́ wọn ṣì ń dáhùn ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ iná béèrè: ọkọ̀ tó lè gun òkè láìsọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Wágọ̀n tí a so irin mọ́ títí tí a kò fi lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé mọ́ láìjẹ́ pé ariwo táyà di etí ẹni, iṣẹ́ náà ti kùnà lójú tèmi, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó.

Kò pẹ́ tí Subaru fi rí i pé ọjà tí òun ní lọ́wọ́ tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ iná lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Malcolm Bricklin àti Harvey Lamm ti dá ilé-iṣẹ́ tó ń kó Subaru wọlé sílẹ̀ ní 1968, àwọn tí yìnyín ń há mọ́lé ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. American Motors náà gbé Eagle, ọkọ̀ fọ́-wíìlì tirẹ̀, jáde fún ọdún 1980. Toyota náà ṣe Tercel wágọ̀n, ó fún un ní gíà kan lọ́tọ̀ fún ibi tó bá le. Síbẹ̀, Outback ti Subaru, tó dé ní àárín àwọn ọdún 1990, ló sọ wágọ̀n fọ́-wíìlì di àṣà. Paul Hogan, òṣèré Ọsirélíà tí ayé mọ̀ sí Crocodile Dundee, ni wọ́n gbé síwájú nínú ìpolówó rẹ̀. Outback àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju Legacy, wágọ̀n Subaru tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí a kùn ní ọ̀dà méjì lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó wá gbé e ga ní tòótọ́. Aṣọ ló kọ́kọ́ dé, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e. Àbùkù yẹn kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ ọnà yìí.

Ẹ jẹ́ ká yẹ gbígbé ga wò, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré sí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí a ki ègé alumíníọ́mù tàbí ike líle sáàárín orí ṣọ́ọ̀kì àti ara ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè fi íǹṣì kan tàbí méjì ga sí i. Kò wọ́n, kò sì gba àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ti bá ara ọkọ̀ gòkè. Táyà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ wá dagun. CV joint, ìyẹn oríkèé ọ̀pá náà, tó ń yí ní gbọọrọ tẹ́lẹ̀ wá ń yí nínú ìtẹ̀sí, gíríìsì inú rẹ̀ ń gbóná, rọ́bà tó bò ó ń tètè ya. Ní ẹ̀yìn ńkọ́? Apá irin tó di táyà mú máa ń yípo lórí ìdè rẹ̀, nítorí náà bí ara ọkọ̀ bá ti ń gòkè ni táyà ń sún síwájú nínú ihò rẹ̀, títí tí yóò fi máa ha ike ibẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi ọwọ́ kan orí ṣọ́ọ̀kì nìkan. Wọ́n á rọ subframe, ìyẹn férémù abẹ́ ọkọ̀, náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀pá lè padà sí bí ó ṣe yẹ kó wà, wọ́n á sì tún gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìdúró táyà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn fún ẹni tó ń ṣe é nílé, kò sì sí ẹni tí yóò rí i bí ọkọ̀ bá ń kọjá lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ègé alumíníọ́mù kò lè ṣe: kò fi ohunkóhun kún ìwọ̀n tí táyà lè fi rìn sókè rìn sílẹ̀. Ọkọ̀ ga sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn sí i. Bó bá dé orí àpáta tó wọ́, táyà iwájú apá kan àti ti ẹ̀yìn apá kejì á fò sókè, agbára ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣòfò lórí èyí tó wà lófuurufú. Ìdí nìyẹn tí Subaru fi gbé X-Mode dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn, Forester ti ọdún 2014: kọ̀ǹpútà á tẹ bíréèkì lára táyà tó ń yí lásán, kí agbára lè kọjá sí èyí tó dúró lórí ilẹ̀. Ọgbọ́n rere ni. Àmọ́ ọgbọ́n tí a fi ń bo àìtó ẹsẹ̀ ni.

Ẹ́ńjìnnì Subaru tún ní tirẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, piston rẹ̀ ń gbá sọ́tùn-ún gbá sósì, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í tètè gbọ̀n nínú kọ́nà. Ṣùgbọ́n iwájú àwọn táyà iwájú ni ó dùbúlẹ̀ sí, imú ọkọ̀ sì gùn nítorí rẹ̀. Imú Outback lè gbà gun ìdagun tó tó dígírì 18.6 kó tó kan ilẹ̀. Ti Jeep Wrangler Rubicon ju 40 lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà kúrò, wọ́n á sì fi alumíníọ́mù nípọnnípọn bo ìdí ẹ́ńjìnnì àti gíà, kí òkúta má baà fọ́ páànù ọ́ìlì. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà fún wágọ̀n, irin àbò yìí ni mo kà sí ọlọ́lá jù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀.

Àgọ́ orí ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá jà. Òun ni wọ́n máa ń gbé síwájú nínú gbogbo àwòrán: wágọ̀n létí adágún, àgọ́ ṣí sílẹ̀ lókè, àkàbà kékeré dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo tó 50 sí 70 kílò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ìwé àlàyé Outback ti ọ̀pọ̀ ọdún sì sọ pé kẹ́ríà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ju nǹkan bí 68 kílò lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí ọkọ̀ bá dúró, òrùlé rẹ̀ lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ohun náà ló jẹ́ kí tọkọtaya lè sùn síbẹ̀ láìséwu. Ṣùgbọ́n òru mélòó ni a ń sùn sórí ọkọ̀ lọ́dún, ọjọ́ mélòó ni a sì ń fi í rìn? Ẹni tó ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀, tó wá lọ gbé 70 kílò sí ibi tó ga jù lára rẹ̀, ti fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó ń bá owó rẹ̀ àkọ́kọ́ jà. Atẹ́gùn á máa gbá a lójú títì, epo á máa jó, kò sì ní lè wọ ọ̀pọ̀ gáréèjì mọ́.

Táyà ni kí n yára mẹ́nu kàn. Táyà ńlá oníkòǹgókòǹgó wúwo, ó sì ń mú kí gíà ṣe bí ẹni pé a gùn ún ní ìwọ̀n kan sókè. CVT ti Subaru, tí kò ní gíà àtẹ̀lé bí ti àtijọ́, lè gbóná nínú iyanrìn títí iná ìkìlọ̀ yóò fi tàn níwájú awakọ̀. Ohun tó ń gbani nínú iyanrìn kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: jíjò táyà. Èyí tó ń rìn ní 33 psi lójú títì, bí a bá jò ó dé bíi 20, á tẹ́, á gùn mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á sì léfòó lórí ilẹ̀ dípò kó máa walẹ̀. Géèjì kékeré kan àti ẹ̀rọ ìfẹ́táyà tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ti tó. (Fọkanáísà etí títì Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń sanwó kí ó tó mọ èyí.)

Níbo ni òfin dúró sí nínú gbogbo èyí? Nínú ọgbà Canyonlands, ní ìpínlẹ̀ Utah, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní White Rim, tó gùn tó 100 máìlì létí ọ̀gbun. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ pé ọkọ̀ tó ga nílẹ̀, tó sì ní low range, ìyẹn àkójọ gíà kejì tí í sọ eré di agbára, nìkan ló lè gbà á. Wágọ̀n fọ́-wíìlì lásán kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Mo rò pé òfin yìí jẹ́ lámèyítọ́ tó dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ lọ. Outback tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn fi íǹṣì 8.7 ga nílẹ̀. Gíga kọ́ ni ó ṣaláìní. Ohun tó ṣaláìní ni gíà tí yóò jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ òkè olókùúta pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ pé bíréèkì jóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi owó púpọ̀ gbé wágọ̀n ga, láìfi ohun tí ó kù fún un kún un. Àwọn ará Ọsirélíà mọ èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Subaru ń ta Forester onígíà ọwọ́ tó ní low range ní ilẹ̀ wọn, tí kò sì tà á fún Amẹ́ríkà. Àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ṣì ń yọ irú gíà bẹ́ẹ̀ lára òkú ọkọ̀ láti gbìn ín sínú èyí tó wà láàyè.

Àwa ará Nàìjíríà náà mọ wágọ̀n, bí a kò tilẹ̀ fi í pàgọ́. Peugeot 504 sitéṣọ̀n wágọ̀n, tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975, ló gbé ìrandíran láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin àti òkè ọya, pẹ̀lú ìlà ìjókòó mẹ́ta àti ẹrù tí a dì lórí kẹ́ríà. Ní Alsace, lórílẹ̀-èdè Faransé, ilé-iṣẹ́ Dangel mú ọkọ̀ yìí kan náà láti 1980, ó sọ ọ́ di fọ́-wíìlì tó ní low range àti differential tí kì í jẹ́ kí táyà kan yí lásán. 504 ti Dangel kò lẹ́wà. Ó dúró gọgọrọ lórí táyà, imú rẹ̀ sì yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí àìpé wà gan-an ni ọwọ́ oníṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Outback oníná mẹ́fà lórí òrùlé, mo mọ èyí tí mo máa pè ní iṣẹ́ ọnà.

Ibi tí mo ti rí ìmọ́ṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ láàárín àwọn onípàgọ́ ni ẹ̀yìn ọkọ̀, nínú ilé. Tí a bá tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, Outback ní àyè tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láti ẹ̀yìn ìjókòó iwájú dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àmọ́ ó ń dagun, ó sì ní ihò láàárín. Àwọn oníṣẹ́ rere á fi plywood kan pẹpẹ tó tẹ́, wọ́n á wọn gbogbo kọ́nà ike ibẹ̀ sórí páálí kí wọ́n tó fi ayùn kan pákó, wọ́n á fi dúrọ́ọ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún sítóòfù àti ìkòkò. Wọ́n á gé ohun tó ń dan bíi dígí mọ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn àárọ̀ má baà jí wọn. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn méjì tó ń mí nínú ọkọ̀ tí a tì pa yóò fi omi kun gbogbo dígí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà wọ́n á ṣí fèrèsé díẹ̀, wọ́n á sì na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Fíríìjì kékeré á gba iná lára bátìrì kejì, kí ti ọkọ̀ má baà kú lóru. Ìwúwo gbogbo èyí wà nísàlẹ̀. Ó ṣeé tú jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ náà á sì tún di ohun tí a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Ní 2021, Subaru fúnra rẹ̀ kó iṣẹ́ àwọn alátùn-únṣe wọ ilé-iṣẹ́. Outback Wilderness, tó jẹ́ ti ọdún 2022, ga tó íǹṣì 9.5 nílẹ̀, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ló fi ga, kì í ṣe ègé alumíníọ́mù. Wọ́n yí gíà ìparí rẹ̀ sí 4.44 kó lè fà dáadáa, wọ́n fún un ní táyà Geolandar àti sípéà táyà tó tóbi bí àwọn mẹ́rin yòókù, wọ́n sì jẹ́ kí kẹ́ríà rẹ̀ lè ru 100 kílò lójú ọ̀nà. Èyí dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe nílé lọ, mo sì gbà pé yóò pa ọjà àwọn ègé alumíníọ́mù náà lára. Ilé-iṣẹ́ tò ó dáadáa, àfi ibì méjì. Dígírì imú rẹ̀ dé 20 péré. Low range kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ tó bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà White Rim yóò gbọ́ ohun kan náà tí ẹni tó gbé wágọ̀n àtijọ́ wá yóò gbọ́: ẹ yíjú padà, ọ̀nà mìíràn wà.