Kúdẹtì Kì í Ṣe Kọ́nfẹ́ńtì

Ọ̀mọ̀wé kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ tún ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, pé ilé àwọn Sístà ni ilé Hinderer ní Kúdẹtì, Ìbàdàn. Ìjọ Àgùdà ni a mọ̀ mọ́ Sístà. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ló rán David Hinderer, ọmọ Jámánì, wá. Ìyàwó rẹ̀ ni Anna, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1853 ni tọkọtaya náà jọ wọ Ìbàdàn. Àwọn ọmọdé tí Anna gbà tọ́, tó fi kan ọmọ ìjòyè Olúnlóyò, ni ọ̀rẹ́ wa sọ di Sístà kéékèèké. Ó mà ṣe o.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, ká kọjú sí ògiri ilé náà. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ ilé nílùú yìí a máa béèrè ẹni tó ni ín, wọn kì í béèrè ẹni tó mọ ọ́n. Amọ̀ ni ilé Kúdẹtì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀mọlé tiwa sì ni amọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un títí yóò fi fà bí iyán. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á yọkùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Òrùlé á wá na ọrùn jáde, nítorí pé ìdí ògiri, níbi tí òjò ti ń ta padà láti ilẹ̀, ni àlàpà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ òyìnbó ní gbogbo èyí?

Mo ti fẹ́ dúró síbẹ̀, àmọ́ láti Òjòó tí mò ń gbé, ọ̀nà Sámọ́ńdà ni mò ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àlùfáà Dominican wà, iṣẹ́ Demas Nwoko ní ẹ̀wádún 1970. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kò kọ́ṣẹ́ àkíítẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ àfihàn iṣẹ́ àkíítẹ́ẹ̀tì ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà lọ́dún 2023. Wo àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí níbẹ̀: bí òpó ààfin ni wọ́n rí, àmọ́ àwọn tó ń jọ́sìn ni wọ́n yí ká. Ọ̀rẹ́ wa yóò ní ọnà Yorùbá ni. Ọmọ Idumuje-Ugboko, ìlú tí kì í ṣe ti Yorùbá, ni Nwoko, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ohun tó kàn mí ni ti Mọ́kọ́lá, níbi tó kọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Inú amọ̀ ni sìmẹ́ńtì wọ̀. Àmọ́ àwọn atúnléṣe ayé ìsinsìnyí, ẹ̀yìn ògiri amọ̀ ni wọ́n ń fi í rẹ́. Omi tó bá wọ inú ògiri náà kò ríbi jáde mọ́, títí sìmẹ́ńtì yóò fi wú, tí yóò bọ́ tòun ti amọ̀.