Ta Ni Yóò Fi Èdè Yorùbá Bá Kirikou Sọ̀rọ̀?

Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ pé dessin animé wo ni wọ́n fẹ́ràn jù, ìdáhùn kì í pẹ́ kó tó dé. Àwọn kan yóò dárúkọ Naruto, àwọn mìíràn yóò ní Dragon Ball kò lẹ́gbẹ́. Àwọn àbúrò wọn nílé yóò sì fò sókè pé Kirikou ni tiwọn. Wọ́n mọ ohùn akọni kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ, wọ́n sì lè jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan ṣoṣo ni kì í bọ́ sínú iyàn náà: èdè. Kò sí ẹni tí í bèèrè ìdí tí gbogbo akọni wọ̀nyí fi ń sọ Faransé, tí ẹyọ kan nínú wọn kò sì mọ bí a ti ń kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín. Fíìmù mẹ́ta ni a ó fi wò ó, ṣùgbọ́n ti Kirikou ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ni ó sún mọ́ wa jù lọ.

Michel Ocelot ni ó ṣe Kirikou et la sorcière, fíìmù náà sì jáde ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ọmọ Faransé ni Ocelot, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Guinée ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ìtàn kan láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà. Youssou N'Dour ni ó ṣe orin rẹ̀. Ìlú Dakar ni a ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, kí ohùn Áfíríkà lè hàn nínú Faransé tí àwọn ará abúlé náà ń sọ. Iṣẹ́ tí a fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ ṣe ni, bí a bá sì kí ẹni tí ó ṣe é kú iṣẹ́, a kò ṣàsọdùn.

Ọgbọ́n àlọ́ ni a fi hun fíìmù náà. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀, ó bí ara rẹ̀, ó sì dìde rìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bá abúlé nínú wàhálà: omi ti gbẹ, àwọn ọkùnrin ti lọ bá Karaba jà, wọn kò padà wá, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti jẹ wọ́n. Àwọn àgbà ń bẹ̀rù, ọmọ náà ń bèèrè. Ìbéèrè kan náà ni ó ń gbé kiri: kí ló dé tí Karaba fi burú? Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn, títí ó fi gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ ilé Karaba kọjá, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà nínú òkè. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n kan ẹ̀gún olóró mọ́ Karaba lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ìrora náà kì í dáwọ́ dúró, inú rẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Abèèrè kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wa wí. Bí òwe yìí bá ń wá ẹni tí yóò wọ aṣọ rẹ̀, Kirikou ni.

Kí ni ó wá kù? Láìpẹ́ yìí, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbìyànjú láti fi Yorùbá sọ ìran tí ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. A rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó gbà wá, ohun mẹ́ta tí a bá pàdé lójú ọ̀nà ni ó sì mú kí a kọ àròkọ yìí.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ní Faransé, ọmọ lè fi tu bá ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀, kò sì ní di àfojúdi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí bá wí fún bàbá àgbà pé «Kí ni o mọ̀ nípa Karaba?», àwọn tí ń wò ó yóò ti kàn án lábùkù kí ìtàn tó lọ síwájú. Bí a ti ń sọ ọ́ lè yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ìlú wa tí ọmọ ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá mú kí Kirikou dọ̀bálẹ̀, kí ó ní: «Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.» Àwọn kan bẹ̀rù pé èyí yóò sọ akọni náà di ojo. Òdìkejì rẹ̀ ni a rí. Ó rọrùn kí ẹni tí kò mọ ìwà hù bèèrè ohun tí àgbà ń sá fún. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti dìde títí a fi dá a lóhùn, òun ni ó láyà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: ìjíròrò inú òkè náà di irú ìpàdé tí òwe yìí ń sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa òwe náà.

Èkejì ni orúkọ Karaba. Gbogbo wọn ló kọ «àjẹ́» fún sorcière, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè wí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan dìde, ó ní ẹni tí a fi ẹ̀gún gún kì í ṣe àjẹ́, ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Ìyẹn gbé wa lọ sí ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí ilẹ̀ Kétu wa gbajúmọ̀ fún, tí UNESCO sì kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ènìyàn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe? Ó ń tu àwọn ìyá wa lójú. Ó gbà pé agbára ń bẹ lọ́wọ́ obìnrin, pé agbára náà lè tún ìlú ṣe, ó sì lè bà á jẹ́; nítorí náà, a kì í fi idà dojú kọ ọ́, ijó, orin àti ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń pẹ̀tù sí i. Àwọn ọkùnrin abúlé Kirikou gbé ohun ìjà, wọn kò ṣẹ́gun. Ọmọ náà bèèrè ohun tí ó ń dun ìyá yìí, ó fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ, ìlú sì tòrò. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Ocelot mú èyí láti inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé nínú èdè Yorùbá, fíìmù náà bá ìbátan pàdé, ìbátan tí ọ̀rọ̀ sorcière kò lè jẹ́ kí ó rí láéláé.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ: òwe tí ọmọ ilé-ìwé gbogbo mọ̀ ni. Nínú fíìmù yìí, ó yí padà. Ẹlẹ́gùn-ún jókòó sílé rẹ̀, ó ń bẹ̀rù ìrora yíyọ rẹ̀, alábẹ ni ó ń wá a lọ, ọmọ kékeré sì ni alábẹ náà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá àgbà nínú fíìmù yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ronú. Ọmọ tí ó bá wò ó ní Faransé nìkan yóò gbádùn rẹ̀, a kò jiyàn, ṣùgbọ́n òwe tí ó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò máa sùn nìṣó.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a ń tan ọ̀rọ̀ gùn. Wọn yóò ní Faransé ni èdè ìdánwò, kí á jẹ́ kí ọmọ fi fíìmù kọ́ ọ. A kò bá Faransé jà. Apá kan ìwé ìròyìn yìí ń sọ ọ́, a sì ń fi í jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn Faransé fúnra wọn ṣe. Nígbà tí Goldorak dé orí Antenne 2 ní ọdún 1978 láti ilẹ̀ Japan, wọn kò ní kí àwọn ọmọ wọn lọ kọ́ èdè Japan kí wọ́n tó gbádùn rẹ̀. Wọ́n wá òṣèré, wọ́n fi Faransé sí i lẹ́nu, akọni náà sì di ti ilé. Naruto tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, ọ̀nà yẹn náà ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a ń pè ní àṣejù fún Yorùbá, ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n pè é fún Faransé.

Àwọn mìíràn yóò ní ìṣòro náà ti tán, nítorí Iwájú ti dé. Fíìmù oníṣẹ̀ẹ́lẹ̀ mẹ́fà yìí jáde lórí Disney+ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn ọ̀dọ́ Kugali tí ó dá a sílẹ̀ ti sọ ní gbangba ṣáájú pé àwọn yóò na Disney lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Disney gbọ́, ó sì pè wọ́n kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Inú Èkó ọjọ́ iwájú ni Tola, ọmọ olówó ní erékùṣù, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kole ń gbé, alángbá tí a fi ẹ̀rọ ṣe sì ń ṣọ́ ọmọ náà. Inú wa dùn láti rí ọmọ tálákà tí ó mọ ìdí ẹ̀rọ, àti ìlú tí a kò ti fi òṣì nìkan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i: orúkọ fíìmù náà jẹ́ Yorùbá, orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ronú. Yorùbá yọjú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Iyọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi iyọ̀ yó. Bí a bá ya iwájú wa tí èdè wa kò sì sí nínú rẹ̀, ta ni a ń yà?

Nígbà náà ni a óò gbọ́ ọ̀rọ̀ owó. Fíìmù kẹta wa ni yóò dá èyí lóhùn. Flow, tí Gints Zilbalodis ọmọ ilẹ̀ Latvia ṣe, gba ẹ̀bùn Oscar ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Àwọn ará Latvia kò tó mílíọ̀nù méjì. Blender ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe é, ètò tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀. Ní ọdún 2002, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ti kógbá sílé, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ káàkiri ayé dá 100,000 euro jọ láti sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi àjọ ṣe lọ́jà kò yàtọ̀ sí i. A kò sọ pé ètò ọ̀fẹ́ ń sọ fíìmù di ọ̀fẹ́: Flow ná mílíọ̀nù euro díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì gbà. Ohun tí ó fi hàn ni pé irinṣẹ́ kì í ṣe ìdènà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú Flow. Ológbò, ajá àti ẹyẹ ni ó wà níbẹ̀, ohùn ẹranko sì ni wọ́n ń ké. Ọgbọ́n rere ni fún èdè kékeré tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ òun. Àwa kò lè gba ọ̀nà náà, nítorí ẹnu ni ìṣúra wa wà.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán gbọ́dọ̀ kọ ọ́ dáadáa. Àwọn kan ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá ní ilẹ̀ wa, bí ìjọba ti là á sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹ àti ọ kọ ọ́ bí ti Nàìjíríà. Èyí tí a bá yàn, kí àmì ohùn wà lórí rẹ̀. Bí a bá kọ pé Kirikou yọ «egun» lẹ́yìn Karaba láìfi àmì sí i, ṣé ẹ̀gún ni, tàbí ègún? Ní Àjàṣẹ́, ẹlòmíràn lè rò pé àwọn Ègùn aládùúgbò wa ni a ń lé lọ.

Èrò wa nìyí, kí á má fi bò: Kirikou ṣì ni ó dára jù nínú àwọn mẹ́ta yìí fún ọmọ wa, nítorí ó gbà pé ọmọ lè ronú. Ìtàn Áfíríkà ni, ó re ìdálẹ̀, ó padà wálé, kò sì gbọ́ èdè ilé mọ́. Olóhun ló ni fíìmù náà, a kò lè fi ohùn wa sí i láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n àlọ́ Ìjàpá kò ní olóhun mìíràn yàtọ̀ sí wa. Kí ẹgbẹ́ wa mú àlọ́ kan ṣoṣo, oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ìyá àgbà kan pa á, kí àwọn ọmọ gbe orin rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò ya àwòrán rẹ̀. Bí àwòrán náà kò bá dán bí ti Disney, àwọn ọmọ yóò foríjì wá. Bí ọdún bá ń gorí ọdún tí a kò ṣe ohunkóhun, wọn kò ní bínú sí wa pàápàá, nítorí wọn kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù.