Mẹ́jọ Tó Di Márùn-ún

Bí mo bá sọ fún ẹni tí kò mọ àdúgbò wa pé Kírìkírì ni mò ń gbé, ohun tó sábà máa ń bi mí ni pé ta ni wọ́n tì mọ́lé nínú ẹbí wa. Ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ló mọ̀. Kò mọ etí omi tí wọ́n ti ń já ẹrù, kò mọ àwọn táńkì epo ńláńlá, kò mọ tírélà àti tánkà tó ń tò sójú títì títí lọ sí Àpápá. Ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí olùkọ́ wa ní kí kíláàsì wa ṣe ìwádìí àwùjọ ní sáà tó kọjá.

Iṣẹ́ náà rọrùn lójú wa. A pín ara wa sí ẹgbẹ́, a kọ ìbéèrè mẹ́wàá sínú ìwé, a sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èèyàn mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín? Níbo lẹ ti ń pọn omi? Èló lẹ ń ná sórí ọkọ̀ lóòjọ́? Olùkọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí àdúgbò tirẹ̀, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ mìíràn ló wá sí ilé wa. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n bi màmá mi léèrè iye wa, wọ́n ní, "Márùn-ún ni wá." Èèyàn mẹ́jọ ló ń sùn nínú yàrá méjèèjì wa: àwa ọmọ mẹ́rin, bàbá mi, màmá mi, àbúrò màmá mi tó wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àti ọmọ rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, márùn-ún náà wọ inú àtẹ ńlá kan tí wọ́n fi gègé aláwọ̀ mẹ́ta kọ, olùkọ́ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ní alẹ́, mo bi màmá mi ìdí tí wọ́n fi purọ́. Wọ́n ní àwọn kò purọ́, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tó yá ni wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí lándílọ́ọ̀dù bá gbọ́ pé mẹ́jọ ni wá, owó ilé á gorí sí i. Ẹ̀rù mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwa tí a ń gbé etí omi l'Ékòó kì í sábà dárúkọ: bí wọ́n bá ti ń ka àwọn ará àdúgbò kan, bóyá katakátá ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọdé ni màmá mi nígbà tí ìjọba ológun wó Màrókò ní oṣù Keje ọdún 1990, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé.

Ìwé tí mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀ dá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Olùkọ́ wa ló yá mi. Peter Marris ló kọ ọ́, Family and Social Change in an African City ni àkọlé rẹ̀, ó sì jáde ní London lọ́dún 1961. Ní ọdún 1955, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó nǹkan bí éékà 70 láàárín gbùngbùn erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ilé há, ó dọ̀tí, kò sì yẹ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tó ń múra òmìnira. Lagos Executive Development Board ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n lé kúrò.

Ohun tó wú mi lórí nínú ìwé náà ni pé Marris kò dúró lórí ilé. Ó béèrè ẹni tó ń fún ìyá lówó, ẹni tó ń bẹ ẹbí wò àti iye ìgbà, ibi tí obìnrin ti ń tajà àti ohun tó ń jẹ lérè. Ó bi àwọn tó ṣì wà ní erékùṣù, ó sì bi àwọn tó ti lọ. Yàrá tó mọ́ àti àyè wà ní Sùúrùlérè lóòótọ́, inú àwọn kan sì dùn pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ariwo àti lọ́wọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tajà níwájú ilé bàbá rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń san owó bọ́ọ̀sì. Owó tí ìyàwó ń mú wọlé dáwọ́ dúró, ìjà tọkọtaya sì dé. Orúkọ ibẹ̀ ni pé sùúrù lérè, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gba sùúrù. Bí Marris bá lo ìwé ìbéèrè bíi tiwa ni, yàrá àti ẹ̀rọ omi ni ì bá kà, ì bá sì sọ pé ayé wọn ti dára.

Ìbéèrè tí mo ní fún un kọ́kọ́ ni èyí. Iléeṣẹ́ ìwádìí tó ti wá, Institute of Community Studies ní London, ni Michael Young àti Peter Willmott ti kọ ìwé kan ní 1957 lórí àwọn ará Bethnal Green tí wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní ẹ̀yìn ìlú. Àwọn náà ní ẹbí tú ká. Ṣé kì í ṣe Bethnal Green ni Marris wá wò l'Ékòó, bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ẹ̀wọ̀n ní Kírìkírì? Mo rò ó títí. Ohun tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ ọjà àwọn obìnrin. Ìyàwó tó ní òwò tirẹ̀, tí ọkọ kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà láìsí i, kì í ṣe ara ohun tó kó wá láti London. Ẹnu àwọn ará Èkó ló ti gbọ́ ọ.

Èkejì kò rọrùn fún un tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ a máa rántí ilé náà bí ààfin. Bí olùwádìí bá dé lẹ́yìn tí èèyàn ti kó kúrò, ìrántí ni yóò fi wọn ohun tó sọnù, ìrántí kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n tó dúró lójú kan. Mo fẹ́ràn kí ẹnì kan ti bá wọn jókòó ṣáájú kí wọ́n tó wó òkúta kan. Ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe ti Marris. Ti àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ní 1955 láìkọ́kọ́ béèrè ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ibi tí ìwé náà já sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, London ló ti jáde. Màmá tó sọ ìyà rẹ̀ fún olùwádìí lójú àtẹ ọjà kò jọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. N. A. Fádípẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé, parí iṣẹ́ ìwádìí ńlá rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní London ní 1939. Ó kú ní 1944, ìwé náà kò sì jáde ní Ìbàdàn títí di 1970.

Àwọn kan á ní iye kò ní ẹ̀tàn nínú. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ìkànìyàn ọdún 2006. Àjọ Ìkànìyàn ní 9,013,534 ni wá ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó ní a lé ní mílíọ̀nù 17. Owó tí Àbújá ń pín fún ìpínlẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n. Ìjọba fẹ́ kí iye pọ̀ nítorí owó. Màmá mi fẹ́ kó kéré nítorí owó.

Kíláàsì wa ńkọ́? Máàkì la wá. Ìbéèrè mẹ́wàá la kọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún onílé ohun tí a fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Mo bi màmá mi ohun tó lè mú kí wọ́n sọ mẹ́jọ. Wọ́n ń gé ilá lọ́wọ́, wọn kò wòkè. Wọ́n ní, "Kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi."

Àtẹ náà ṣì wà lára ògiri, márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. N kò tíì sọ fún olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá ń ka èyí, mẹ́jọ ni wá, màmá mi sì ti fọwọ́ sí i pé kí n sọ ọ́.