Àdírẹ́sì Ẹni Tó Kanlẹ̀kùn

Ìkànnì tó bá jókòó sẹ́yìn prọ́ksì, ìyẹn sáfà alárinà, kì í rí oníbàárà rẹ̀ lójúkojú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi fóònù san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àdírẹ́sì IP ti prọ́ksì ni sáfà máa rí. Òun náà ni yóò rí fún ẹni tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Kí ẹnì kan ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ léraléra, kí sáfà sì ti àdírẹ́sì náà mọ́ta, gbogbo wọn ló tì mọ́ta.

Àwọn tó ṣe ètò prọ́ksì Squid ló mú ìlà X-Forwarded-For wá, kí sáfà lè mọ àdírẹ́sì oníbàárà gan-an. Ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì RFC 7239 gbé ìlà Forwarded kalẹ̀ ní 2014, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló ṣì gbòde. Bí lẹ́tà tó ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ ló rí: prọ́ksì kọ̀ọ̀kan á kọ àdírẹ́sì ẹni tó fà á lé e lọ́wọ́ sí ìparí ìlà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sì lè ti kọ irọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀.

X-Forwarded-For: 192.0.2.44, 203.0.113.9, 10.0.0.5

Ọwọ́ ọ̀tún ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. 10.0.0.5 jẹ́ prọ́ksì inú ilé, ẹ fò ó. 203.0.113.9 jẹ́ àlejò, prọ́ksì ilé ló sì kọ ọ́ sílẹ̀: oníbàárà nìyẹn. 192.0.2.44 kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ètò tó bá ń mú ti ọwọ́ òsì pátápátá ti gba olè láyè láti yan orúkọ tó wù ú.

Nínú ètò sáfà nginx, set_real_ip_from ló ń dárúkọ àwọn prọ́ksì ilé, real_ip_header ń sọ ìlà tí yóò kà, real_ip_recursive on sì ń mú un kà á sẹ́yìn títí yóò fi kan àlejò. Ìlà mélòó kan péré ni, iṣẹ́ tó lẹ́wà púpọ̀ ni nígbà tó bá pé. Ẹni tó kọ 0.0.0.0/0 síbẹ̀ ti fọkàn tán gbogbo ayé, ó ti bà á jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnikẹ́ni lè gbà dé ọ̀dọ̀ sáfà láìgba ti prọ́ksì.

Àdírẹ́sì tó tọ̀nà pàápàá kì í ṣe ènìyàn kan. IPv4 kò tó pín mọ́, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù sì ń kó ọ̀pọ̀ fóònù sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. Ní 2012, RFC 6598 ya 100.64.0.0/10, àdírẹ́sì 4,194,304, sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jọ jẹ́ ẹyọ kan lójú sáfà. Orí àkáǹtì ló yẹ kí ìdènà wà, kí àdírẹ́sì jẹ́ ẹ̀rí kejì. Ní ti IPv6, ìpín /64 ni kí a máa kà, torí fóònù kan lè pààrọ̀ àdírẹ́sì nínú tirẹ̀ bó ṣe wù ú.