Àṣàyàn Ohun Èlò fún Igun Ìṣiré ní Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi: Àríwísí Kan

Ìfáàrà

Àwọn ohun èlò tí a ń kó sí igun ìṣiré ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi nílẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Èrò pé kí ọmọdé máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun. Friedrich Froebel dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì ní 1837. Maria Montessori sì ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní 1907, láàrin àwọn ọmọ tálákà àdúgbò San Lorenzo. Àwọn méjèèjì ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ọmọ yóò mú lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e síwájú rẹ̀. Ní tiwa, àkójọ tí ẹlòmíràn ti ṣe tán ni a máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni, tí a óò sì ní kí ó lọ rà á. A kì í sábàá bèèrè ohun tí nǹkan náà yóò mú ọmọ sọ, àti èdè tí yóò fi sọ ọ́. Ìbéèrè yìí ni a ó fi wọn àwọn ohun èlò wọ̀nyí.

Lẹ́tà àti Òǹkà

Ẹ jẹ́ kí a mú páálí lẹ́tà oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà. Lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀. Márùn-ún nínú wọn, c, q, v, x àti z, kò sí nínú ábídí Yorùbá. Mẹ́rin tí ábídí wa ní, ẹ, gb, ọ àti ṣ, ni a kò sì rí níbẹ̀. A lè fi g àti b tò gb pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè rí ìyókù dá. Ọmọ tó ń jẹ́ Ṣọlá yóò to "Sola", orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àléébù kejì fara sin díẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi irú páálí bẹ́ẹ̀ to "cat" àti "dog". Nínú èdè tiwa, níbi tí fáwẹ̀lì kan náà ti máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kékeré, ọmọ kò lè to bàbá, kò lè to ata. Kódà kò lè to ajá, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ábídí. Nítorí náà, bí olùkọ́ kò bá tilẹ̀ ní èrò òdì kankan sí Yorùbá, páálí náà ti pinnu fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣeré ní igun yẹn. Àjákù pákó tí káfíńtà ń dà nù tó láti tún èyí ṣe: kí a kọ fáwẹ̀lì méjèèje ní ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta, kí a sì gé àmì ohùn lọ́tọ̀, tí ọmọ lè gbé lé orí lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ òǹkà kò yàtọ̀. Férémù ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí wáyà kọ̀ọ̀kan bá òǹkà Gẹ̀ẹ́sì mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe 15 ní màrúndínlógún ti yọ márùn-ún kúrò nínú ogún. Ohun tí ẹnu ọmọ ń wí kọ́ ni ojú rẹ̀ ń rí lórí férémù. Adolphus Mann, nínú ohun tó kọ ní 1887 lórí òǹkà Yorùbá, fi hàn pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ń ka owó ẹyọ ń fà á kúrò nínú òkìtì. Okùn tí a sín ogún ìlẹ̀kẹ̀ sí, tí ọmọ lè yọ ọ̀kan títí dé márùn-ún kúrò lára rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọpọ́n ayò náà wúlò: ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. A kò sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ta ayò o; kí ó sáà máa pín in.

Ó di dandan kí a kìlọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ìfẹ́ ohun ìbílẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Kí a má ṣe kó èso kéékèèké fún ọmọ tí ohun gbogbo ṣì ń bọ́ sí lẹ́nu. Wéréǹjéjé, tó pọ́n, tó sì dúdú létí, tó dà bí ẹni pé a dá a fún kíkà, ní májèlé tó lè pa ènìyàn. Májèlé wà nínú èso làrà àti lápálápá náà. Kò sí èyí tó yẹ kó wọ kíláàsì.

Ọmọláńgidi àti Ọjà

Ẹ wo ọmọdébìnrin tó fẹ́ pọn ọmọláńgidi oníke. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, kò ṣeé yà. Bí ó ti ń gbá ọ̀já mọ́ ọn ni ó ń yọ́ bọ́. Èyí tí a fi aṣọ rán, tàbí igi pẹlẹbẹ ti àtijọ́, dúró lẹ́yìn. Níbi tí ọmọ bá ti dúró lẹ́yìn ni ìpẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọdé ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un lánàá. Àríwísí wa lórí ti oníke kọjá irun pupa orí rẹ̀, bí èyí náà tilẹ̀ tó ọ̀rọ̀ sọ.

Igun ọjà ni a rò pé ó lọ́rọ̀ jù lọ, òun sì ni owó rẹ̀ kéré jù. Kóńgò kan, agolo mílíìkì mélòó kan àti iyanrìn tó dúró fún gàrí ti tó. Ọmọ yóò fúnra rẹ̀ bu, yóò kà, yóò mọ iye agolo tó kún kóńgò. Yóò ná ọjà, yóò bèèrè èènì, yóò sì jiyàn lórí ṣẹ́ńjì. Ìṣirò, ìwà àti èdè ti parapọ̀ síbẹ̀ kí olùkọ́ tó lanu.

Ti igun ilé ìdáná le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn àti Èkó kò mọ ààrò mọ́. Gáàsì ni wọ́n ń rí nílé. Bí a bá wá torí àṣà gbé ààrò fún wọn, àjèjì ni a tún gbé fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti fi sítóòfù oníke fún ọmọ abúlé tí igi ni wọ́n fi ń dáná nílé rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ inú kíláàsì ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò. Èyí tó burú jù ni igun àṣà, níbi tí wọ́n fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti igbá fínfín kọ́ sára ògiri, tí a sì ń pariwo mọ́ ọmọ pé kó má fọwọ́ kàn án.

Èdè àti Òfin

Láti 1977 tí Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé èdè àbínibí tàbí ti àdúgbò ni kí a fi kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ẹnì kan lè sọ pé àríwísí yìí ti pẹ́ jù. A kò gbà. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n sì jókòó kọ ìwé àti ohun èlò Yorùbá tí wọn yóò lò. Àwa ní òfin lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò ṣe páálí lẹ́tà ẹyọ kan tó ní ṣ nínú. Òfin tí kò ní ohun èlò ni wọ́n fagi lé.

Àwa olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, ẹni tó bá lẹ nǹkan kún ògiri jù ni a sábà máa ń fún ní máàkì jù. Kí a fi ìlà kan kún ìwé tí a fi ń gba máàkì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn márùn-ún tí àwọn ọmọ sọ ní igun rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó sì fi àmì ohùn sí i.